Eré Okùn Tí Ìyá Àgbà Mi Kò Kọ Sínú Ìwé

Mo rántí ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún ìyá àgbà mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n ti òtútù, nítorí oòrùn Texas ti ń jó òrùlé ilé wa ní Cedar Hill láti òwúrọ̀, gbogbo aládùúgbò sì ti sá wọlé. Ife tíì ni ó mú lọ́wọ́. Mo gbọ́ bí ife náà ṣe ń lu àwo tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ́kẹ́kẹ́, bí ìgbà tí adìẹ bá ń ṣa àgbàdo lórí páànù. Ó gbé ife náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, bí ẹni tí ń di ọmọ aláìgbọràn mú níwájú àlejò. Ó wò mí, kí ó lè mọ̀ bóyá mo rí i. Mo yára wo ibòmíràn. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti jókòó sí mi láyà, nítorí mo mọ ohun tí ọwọ́ náà gbé.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n ṣàlàyé irú ẹni tí ìyá àgbà mi jẹ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè mọ ìdí tí gbígbọ̀n ọwọ́ kan fi kó ìdààmú bá mi tó bẹ́ẹ̀. Òun ni ó bí bàbá mi. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, olùkọ́ ni ó jẹ́ ní yunifásítì kan ní Nàìjíríà, ó sì wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ eré okùn di ohun tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Eré okùn ni eré tí a máa ń so ẹnu okùn kan pọ̀, tí a ó fi kọ́ ìka ọwọ́ méjèèjì, tí a ó máa fi ìka kan fa èyí, tí a ó sì fi òmíràn jọ̀wọ́ tọ̀hún, títí tí àwòrán kan yóò fi yọ láàárín ọwọ́: àkàbà, àwọ̀n apẹja, ìtẹ́ ẹyẹ, ẹsẹ̀ adìẹ. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, ìyá àgbà mi a fi okùn òwú sínú àpò, a wọ ọkọ̀ lọ sí àwọn ìlú tí kò ti ní ará, a sì bá àwọn ìyá arúgbó àti àwọn ọmọdé jókòó lórí ẹní, kí wọ́n lè fi ti ìlú wọn hàn án.

Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń kọ ìtàn ọba àti ìtàn ogun, sọ ọ́ ní Ìyá Eléré Ọmọdé. Ọ̀kan nínú wọn bi í níwájú ìpàdé pé bí ó bá parí ti okùn, ṣé bojúbojú ni yóò kàn. Ìyá àgbà mi sọ fún mi pé òun bá wọn rẹ́rìn-ín, òun jáde lọ sunkún, òun bọ́jú, òun sì padà wọlé wá béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yóò ráyè gbé òun lọ sí Èkìtì. Ó kọ ìwé jáde nígbà tí ó yá. Mo rí ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà ní ilé ìkàwé kan ní Dallas, mo sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́ títí, mo ń retí kí ẹnìkan wá bi mí bóyá mo mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó bi mí.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú àwọn eré náà tí kò sí nínú ìwé kankan. Orúkọ rẹ̀ ni Ìyàwó Ń Relé. Ìyá arúgbó kan ní ìlú olókè kan ní Èkìtì ni ó fi kọ́ ọ, lẹ́yìn tí ó ti mú un ṣe ìlérí pé kò ní kọ ọ́ sílẹ̀, kò ní yàwòrán rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀. Láti ọwọ́ ni yóò ti máa bọ́ sí ọwọ́. Ìyá náà ní ohun tí a bá ti kọ sínú ìwé, ènìyàn a máa rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Nínú eré yìí, ọwọ́ òsì ni ilé bàbá ìyàwó, ọwọ́ ọ̀tún ni ilé ọkọ. Okùn kan tí ó dúró fún ìyàwó yóò kúrò lórí ìka òsì, yóò gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá láàárín, yóò sì gúnlẹ̀ sórí ọ̀tún. Bí ó bá ti débẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà lọ́wọ́ òsì yóò tú, ilé tuntun yóò sì so rọ̀ lórí ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá àgbà mi ṣe é fún mi rí nígbà tí mo kéré púpọ̀, wọ́n ní mo bú sẹ́kún, pé ọwọ́ òsì tí ó ṣófo náà ṣe mí láàánú.

Ìyá arúgbó ti Èkìtì ti kú tipẹ́, kò sì sí ọmọ rẹ̀ tí ó kọ́ ọ. Nítorí náà, bí mo ti mọ̀ ọ́n, orí ọwọ́ ìyá àgbà mi nìkan ni ìyàwó náà kù sí ní gbogbo ayé, ọwọ́ náà sì ti ń gbọ̀n.

Bàbá mi, tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ jẹun, kò rí ohun tí ó le nínú ọ̀rọ̀ náà.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi fóònù mi gbà á sílẹ̀. Kò ní pẹ́ rárá.”

“Mo ti ṣe ìlérí.”

“Ẹni tí ẹ ṣèlérí fún ti kú o, mà.”

“Èmi kò tíì kú,” ni ìyá àgbà mi dá a lóhùn. Ó yíjú sí mi. “Ìwọ akọ̀wé, ọwọ́ rẹ dà? Wá gbà á.”

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọlidé gígùn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Inú mi dùn, mo sì gbéra ga díẹ̀. Ìyá mi, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti kọ́ mi láti kékeré pé nítorí a bí mi sí Amẹ́ríkà kò túmọ̀ sí pé kí n má lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ọmọ gidi kì í bá àgbà jókòó ní èjìká sí èjìká bí ẹgbẹ́. Iwájú àgbà ni ó ń kúnlẹ̀ sí, níbi tí àgbà ti lè rí ojú rẹ̀. Mo gba ẹ̀kọ́ yìí tọkàntọkàn. Àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì a máa fi mí bú àwọn ọmọ wọn tí ń jókòó gẹlẹtẹ sórí àga tí wọ́n sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn, èmi a sì wolẹ̀, bí ẹni pé n kò gbọ́. Nítorí náà, bí ìyá àgbà mi bá ti jókòó sórí àga tìmùtìmù rẹ̀, èmi a kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀ gan-an, ojú mi sí ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn eré tó kù rọrùn fún mi. Àkàbà, àwọ̀n apẹja, ìtẹ́ ẹyẹ, gbogbo wọn ni mo mọ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo sì ti ń rí ara mi bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìgbà tí a dé orí Ìyàwó Ń Relé ni ojú mi já a.

“Fi ti ọ̀tún gbé e.”

“Mo ti gbé e, mà.”

“Mú un gba àárín kọjá.”

“Ó ti kọjá, mà.”

“Ó yá, fà á.”

Mo fà á. Kókó ni. Kókó líle kan tí ó dúró gbagidi láàárín okùn, tí a ní láti fi eyín tú. A tún un ṣe, kókó. A dúró di ọjọ́ kejì, a tún un ṣe. Kókó náà ni. Bàbá mi a yọjú láti inú yàrá tí ó ti ń ṣiṣẹ́, a ní, “Ìyàwó tún ti kọ̀? Ṣé kí n lọ bá àwọn àna sọ̀rọ̀ ni?” Ìyá mi a dá a lẹ́kun, ṣùgbọ́n òun náà a yí sí mi: “Ìwọ náà, ṣé okùn ni wọn yóò bi ọ́ nínú ìdánwò ìṣirò?”

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà mọ́. Gbígbọ̀n náà ń pọ̀ sí i. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ìyá àgbà mi ti ń le, okùn a sì máa yọ́ bọ́ lórí rẹ̀ kí ó tó ráyè fi hàn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù fún ọwọ́ ara mi pẹ̀lú. N kò gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ mọ́, kí n má ba à fi ìka rọ́. Mo sọ fún ìyá mi pé kò yẹ kí n máa fọ àwo, nítorí ọbẹ wà nínú rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní bí ọwọ́ mi bá ti di ohun ọ̀ṣọ́, kí n gbé e sínú dígí, kí n sì fi ẹnu fọ àwo. Mo fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dá wà, mo ń rò ó pé ohun tí ó rìn láti Èkìtì dé Texas láìsọnù, orí kápẹ́ẹ̀tì wa ni yóò sọnù sí, níwájú mi, nítorí pé ọwọ́ mi kò mọ nǹkan án gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó burú jù. Mo tún ti so kókó. Ìyá àgbà mi gba okùn náà lọ́wọ́ mi kí òun fúnra rẹ̀ ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbà fún un. Okùn náà já bọ́ sórí itan rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ kókó tí mo so.

“Bóyá èmi ni mo ti gbàgbé,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. “Bóyá ohun tí mo ń sọ fún ọ kọ́ ni ohun tí ìyá Èkìtì fún mi.”

“Rárá o, mà. Èmi ni n kò gbọ́n.”

“O gbọ́n. O mọ gbogbo ìyókù. Ó tó báyìí.” Ó ká okùn náà, ó tì í bọ inú àpò aṣọ rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun tan tẹlifíṣọ̀n. N kò gbọ́ kí ìyá àgbà mi ní kí a tan tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án rí.

Lẹ́yìn èyí, kò mẹ́nu ba okùn mọ́. Ìgbà mìíràn, bí mo bá ń kọjá, n ó rí i tí ó ń mi ìka òsì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí itan, tí ètè rẹ̀ ń mì, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbìyànjú láti rántí ohun tí ó há sórí. Bí ó bá rí mi, ó dáwọ́ dúró. Àwa méjèèjì ń bẹ̀rù ohun kan náà, a sì ń fi í pamọ́ fún ara wa.

Nígbà tí ó yá, gbogbo wa gbé e lọ rí dókítà ní Dallas. Dókítà náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyá mi sì ń túmọ̀ èyí tí ó ṣòro. Oògùn lè dín gbígbọ̀n náà kù, ṣùgbọ́n líle tí ó wà nínú ìka yóò máa pọ̀ sí i ni. Ọwọ́ náà kò ní padà sí bí ó ti wà. Ìyá àgbà mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìyá mi ni ó ń wakọ̀, bàbá mi sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà mi wà ní ẹ̀yìn ìyá mi, èmi sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ wà lójú ọ̀nà márosẹ̀, iná pupa ọkọ̀ sì tò lọ síwájú wa títí ojú kò fi tó o mọ́. Mo yọ okùn bàtà kan tí mo ti so ẹnu rẹ̀ pọ̀ láti inú àpò mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ Ìyàwó Ń Relé láìmọ̀ pé mo ti bẹ̀rẹ̀.

“Dúró.”

Mo dúró. Ìyá àgbà mi ti tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ mi.

“Ọwọ́ wo lo fi bẹ̀rẹ̀ yẹn?”

“Èyí tí ẹ̀yin náà fi ń bẹ̀rẹ̀ ni, mà.”

“Mo ní ọwọ́ wo?”

Mo gbé e sókè. Ọwọ́ òsì ni.

“Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Èmi kẹ̀?” Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo tèmi, ó tún wo tirẹ̀. “Tí mo bá ń kọ́ ọ, níbo lo máa ń wà?”

“Iwájú yín ni, mà. Mo máa ń kúnlẹ̀.”

“Ta ló ní kí o kúnlẹ̀?”

Ìyá mi gbé ojú sókè sínú dígí ọkọ̀. “Èmi ni, mà,” ni ó wí, bí ọmọ tí olùkọ́ pè. “Ẹ̀kọ́ ilé ni.”

“Háà! Ẹ̀kọ́ ilé yín ti mú ìyàwó gba ẹ̀yìnkùlé!” Ìyá àgbà mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi fi yí padà pátápátá lórí àga rẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀. “Orí mi pé! Ẹ gbọ́ mi? Orí mi ṣì pé!”

Bí ó ti rí nìyí. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sí ìhà òsì mi. Ohun tí ó bá fi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, èmi a wò ó, n ó sì fi òsì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ẹnu sọ pé kí n gbé ti ọ̀tún, ọ̀tún gan-an ni mo ń gbé. Ojú mi ń lọ sí òsì, etí mi ń lọ sí ọ̀tún, àárín wọn ni kókó ti ń so. Nínú àwọn eré yòókù, ọwọ́ méjèèjì ń ṣe ohun kan náà, àṣìṣe náà kò sì hàn. Ìyá àgbà mi kò rí i, nítorí pé ọwọ́ tirẹ̀ tí ń gbọ̀n ni ó tẹjú mọ́. Èmi ń wo ọwọ́ rẹ̀, òun náà ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń wo ọwọ́ mi. Ní gbogbo ìrìn àjò rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́, ẹ̀gbẹ́ àwọn ìyá tí ó kọ́ ọ ni ó ń jókòó sí, lórí ẹní kan náà. Kò ṣẹlẹ̀ sí i rí pé akẹ́kọ̀ọ́ bọ̀wọ̀ fún òun títí tí kò fi rí ẹ̀kọ́ kọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bí ó tilẹ̀ gun orí igi. Wọn kò sọ ti ọmọdé tí ó kúnlẹ̀.

“Mú okùn yẹn wá,” ni ó wí. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ tí kò gbọ̀n, ó sì ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún mi. A kọ́ okùn bàtà náà mọ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, èjìká wa kan ara wọn, a sì ṣe é bí ẹni pé ara kan ni wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó ń fi ẹnu darí mi. Mo ń gbé, mo ń jọ̀wọ́, mo ń gbé. Ìyàwó kúrò lórí ìka rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá láàárín wa, ó gúnlẹ̀ sórí ìka mi. Ìyá àgbà mi fà á jẹ́jẹ́. Ohun gbogbo tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tú. Ilé náà so rọ̀ lórí ọwọ́ mi, ó pé pérépéré, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì wà nínú afẹ́fẹ́ láìsí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Bàbá mi ti gbé fóònù rẹ̀ sókè láìmọ̀. Ó wò ó, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí itan.

“Ṣé ó ti dé?” ni ìyá mi béèrè, kò lè wẹ̀yìn nítorí ọkọ̀.

“Ó ti dé,” ni ìyá àgbà mi wí.

Mo rò pé ìbẹ̀rù mi parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, tí mo ń ràn án lọ́wọ́ láti bọ́ bàtà, tí mo sì ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé a ti rí i, a ti rí i, ó ní kí n má yọ̀ jù. Ó wá sọ fún mi pé ní ọjọ́ tí òun gba eré náà, òun ń ṣe é lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí ó gbé òun kúrò ní Èkìtì, kí òun má ba à gbàgbé. Ọkọ̀ náà kó sí kòtò, okùn kan sì bọ́ lórí ìka òun. Òun dá a padà síbi tí òun rò pé ó wà. Nígbà tí ìsinmi mìíràn dé, òun padà lọ kí ìyá arúgbó náà lè yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní wọ́n ti sin ín.

“Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé e kiri,” ni ó wí. “Bóyá tirẹ̀ ni. Bóyá tèmi ni.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mà?”

“Ta ni yóò bá mi wò ó?”

Mo to bàtà rẹ̀ sí abẹ́ àga. Mo ti rò pé ẹ̀rù ń bà mí nítorí pé mo jẹ́ ọmọdé, àti pé nígbà tí mo bá di ọ̀mọ̀wé bí tirẹ̀, yóò dá mi lójú. Ó jọ mí lójú gan-an pé ẹni tí ó kọ ìwé tí ó wà ní ilé ìkàwé lè bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, kí ó sì máa jẹun, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì máa kọ́ni.

Nísinsìnyí, mo wà ní ọdún tí mo fi ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn àgbà sì ń bi mí ní ìgbà gbogbo ohun tí mo fẹ́ lọ kà. Ìyá àgbà mi ṣì wà pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń sinmi lórí itan rẹ̀. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo máa ń jókòó tì í lórí àga rẹ̀, ní èjìká sí èjìká, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àlejò a máa wò mí tìyanutìyanu, ìyá mi a sì ní láti ṣàlàyé. Mo ń ṣe Ìyàwó Ń Relé níbi tí ojú rẹ̀ ti lè rí i. Nígbà kan, bí mo bá ṣi ìka kan gbé, yóò kígbe kí n tó fà á. Báyìí, ó máa ń wo àwọn ìka mi fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Kí ìyàwó tó dé ilé ọkọ, oorun ti gbé e lọ. Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí pé ó pé ni, pé kò sí bí ìyá àgbà mi ṣe lè sùn níwájú okùn tí a gbé lódì. Ìgbà mìíràn, ó máa ń wá sí mi lọ́kàn láti mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀, kí n lè mọ̀ dájú. N kò tíì ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè má kígbe.